Bánkì Ti Ta Ilé Tí Mò Ń Gbé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ayálégbé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Onílé fi ilé dógò ní bánkì, kò rí owó san, bánkì ta ilé. Ayálégbé ló sábà máa ń gbọ́ kẹ́yìn, nígbà tí ẹni tó rà á bá ti dé ẹnu géètì. Òfin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a tẹ̀ lé nínú àwọn ìdáhùn yìí. Bó bá jẹ́ pé ìwé kóòtù ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e lọ bá lọ́yà lónìí kí ẹ tó padà wá ka ìyókù.

Wọ́n ti ta ilé. Ṣé kí n máa kó ẹrù ni?

Rárá o. Títà tí wọ́n ta ilé kò lé ayálégbé jáde. Ẹni tó rà á gba ipò onílé àtijọ́ ni: ẹ̀tọ́ láti gba owó ilé di tirẹ̀, ojúṣe láti tẹ̀ lé òfin kó tó gba ilé padà náà sì di tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní “mo ti rà á, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Sátidé” ń sọ tinú ara rẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè nira ni bí onílé bá gbé ilé fún yín lẹ́yìn tó ti fi í dógò. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ìyẹn.

Kí ló ń sọ bóyá bánkì gbọ́dọ̀ ka àdéhùn mi sí?

Ọjọ́ ni. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ wọlé wé ọjọ́ tí onílé buwọ́ lùwé gbèsè.

Bí ẹ bá ti ń gbé ibẹ̀ kó tó di pé ó fi ilé dógò, bánkì bá yín nínú ilé ni. Kò lè ṣe bí ẹni pé kò rí yín, ẹni tó rà á lọ́wọ́ bánkì náà kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀ lẹ wọlé, ẹ bi onílé bóyá bánkì fọwọ́ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìdógò, ó wà níbẹ̀ gbangba pé onílé kò gbọ́dọ̀ gbé ilé fún ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ bánkì lórí ìwé. Bí àṣẹ náà bá wà, àdéhùn yín dúró. Bí kò bá sí, àdéhùn yín mú onílé tó gba owó lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n kò mú bánkì. Bánkì lè sọ pé òun kò mọ̀ yín rí. Síbẹ̀, kóòtù ló gbọ́dọ̀ gbà lọ, kì í ṣe jàǹdùkú.

Nǹkan méjì tún wà tí àwọn ènìyàn kì í kíyè sí. Èkíní ni pé bí bánkì, tàbí ẹni tí bánkì yàn, bá ti gba owó ilé lọ́wọ́ yín tó sì fún yín ní rìsíìtì, ó ti fúnra rẹ̀ di onílé yín nìyẹn. Tẹ́là kan ṣoṣo lè gbà yín ju àdéhùn olójú-ewé mẹ́wàá lọ. Èkejì, bí ẹ bá wọlé ní 2019, tí onílé fi ilé dógò ní 2021, tí ejẹ́ńtì sì ní kí ẹ buwọ́ lu àdéhùn tuntun ní 2023, lọ́yà bánkì máa ń sọ pé 2023 ni ìgbé yín bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sun ìwé àtijọ́. Rìsíìtì 2019 yẹn, bó ti wù kó ti gbó tó, òun ló máa fi hàn pé ẹ kò jáde rí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọjọ́ tí wọ́n fi ilé dógò?

Ẹ ní kí lọ́yà yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ní Alágbàkà. Kó tó lọ, ó nílò nọ́ńbà sátífíkéètì ilẹ̀, tàbí ìwé sọ́fè tó ní nọ́ńbà bíkìn (òpó ààlà ilẹ̀), tàbí ó kéré tán orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé. Gbèsè tí wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa hàn níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ni ilé, ẹ tún wo àkọsílẹ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ fi irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín 90 ọjọ́.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé bí gómìnà kò bá buwọ́ lu ìdógò, asán ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀: abala 22 òfin ilẹ̀ ti 1978 bèèrè àṣẹ gómìnà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì tẹnu mọ́ ọn ní 1989 nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Ṣùgbọ́n ìjà onílé àti bánkì nìyẹn. Ẹ má fi ṣe igi lẹ́yìn ọgbà yín.

Ṣé bánkì lè ta ilé láìlọ sí kóòtù?

Ó lè tà á. Òfin ohun-ìní ti 1959, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ṣe, la ṣì ń lò ní Oǹdó. Bí ìwé ìdógò bá pé pérépéré, tí ọjọ́ sísan owó sì ti kọjá, bánkì lè kọ̀wé béèrè owó rẹ̀, kó dúró fún oṣù 3, kó sì tà. Bí èlé bá ti wọ oṣù 2 láìsan, tàbí tí onílé bá rú àdéhùn mìíràn nínú ìwé náà, kò tilẹ̀ nílò láti dúró tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni onílé kàn gbé ìwé ilẹ̀ fún bánkì tọ́jú láìṣe ìwé ìdógò gidi, bánkì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kóòtù kó tó tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá jẹ́ ẹni tó dá onílé lẹ́bi ní kóòtù ló fẹ́ gba gbèsè: ẹrù onílé ni wọ́n máa kọ́kọ́ lù ní gbàǹjo, bí kò bá tó, wọ́n á gba ìyọ̀ǹda kóòtù kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilé.

Ìdí tó fi kàn yín ni pé onílé lè ti mọ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kó má sì bá yín sọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń ṣe nínú àkókò náà ló wà nínú ìbéèrè tó kàn.

Onílé ní kí n san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, òun máa gé owó fún mi. Ṣé kí n gbà?

Ẹ fura. Onílé tí kì í gé kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ san ti ọdún tó ń bọ̀ ní oṣù méje ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ó lè máa sá fún nǹkan. Owó ilé tí ẹ san fún onílé ní ọjọ́ tó tọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fi tó yín létí pé ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti bọ́ sí i. Ẹni kankan kò lè ní kí ẹ san án lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ san kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé wà nínú ewu: bí ìwé bánkì bá dé kí ọjọ́ náà tó pé, bánkì lè ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀, kó sì ní kí ẹ lọ béèrè owó yín lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Bí ẹ bá máa san án, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé ilé wò ní Alágbàkà. Owó àyẹ̀wò náà kò tó nǹkan lára owó ilé ọdún méjì.

Ìwé dé pé kí n máa san owó ilé fún ẹlòmíràn. Ta ni kí n san fún?

Bánkì lágbára láti yan ẹni tó máa gba owó ilé kí wọ́n tó ta ilé náà. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni gbájú-ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má san kọ́bọ̀ lórí ìwé nìkan. Ẹ kọ̀wé padà, kí ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi yan ẹni náà, àti ẹ̀dà ìwé ìdógò. Bó bá jẹ́ ẹni tó ra ilé, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi gbé ilé fún un, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ bánkì tàbí onílé àtijọ́ tó fi í hàn yín. Lẹ́yìn náà kí lọ́yà pe bánkì fúnra rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù tó wà lórí lẹ́tà náà.

Àkáǹtì tí ẹ máa san owó sí gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ tó wà lórí ìwé. “Ẹ fi sí ti àbúrò mi” kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má san owó lọ́wọ́ sí ọwọ́ lẹ́nu géètì.

Bí onílé àtijọ́ àti ẹni tuntun bá jọ ń béèrè owó kan náà, ẹ má yan ẹni tó pariwo jù. Ẹ kọ̀wé sí àwọn méjèèjì pé owó wà nílẹ̀, ẹ fi pamọ́ sí àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí lọ́yà sì bá yín tọrọ àyè láti kó owó náà sí kóòtù kí wọ́n lọ bá ara wọn jà níbẹ̀. Ẹni tó bá ná an, tó ní òun ò mọ ẹni tó yẹ kóun san fún, ti di ajigbèsè owó ilé nìyẹn, ọ̀rọ̀ ajigbèsè kì í sì í dùn létí májísíréètì.

Ìwé kúrò-nílé oṣù mélòó ló tọ́ sí mi?

Ó dá lórí bí ẹ ṣe ń san owó. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tó ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gba ìwé ọ̀sẹ̀ 1, ẹni tó ń san lóṣooṣù gba ti oṣù 1, ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta gba ti oṣù 3, ẹni tó ń san lọ́dọọdún gba ti oṣù 6. Àdéhùn lè dín in kù: bí ẹ bá ti buwọ́ lù ú pé oṣù 3 ló tó, oṣù 3 náà ni. Ẹ lọ ka ìwé yín. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí sábà máa ń wà lápá ìsàlẹ̀, níbi tí ojú ti ń rẹni.

Ibi tó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù ni ìyàtọ̀ láàárín “ọdọọdún” àti “ọdún kan péré.” Ká ní ẹ ń san lọ́dọọdún, ọdún yín bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2025, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2026. Ìwé oṣù 6 gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2025, kó sì parí pẹ̀lú ọdún yín. Bó bá dé ní oṣù kọkànlá, ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n bí àdéhùn yín bá sọ pé ọdún 1 ni ẹ gbà, láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, tí kò sì sọ ohunkóhun nípa títún un ṣe, kò sí ìwé oṣù 6 níbẹ̀ mọ́. Bí ọjọ́ bá ti pé, ìgbé ti parí.

Nínú méjèèjì, ìwé kan ṣì kù: ìwé ọjọ́ 7, tí ẹni tó ni ilé fi ń sọ pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun. Ẹ̀yìn tí ìwé àkọ́kọ́ bá ti parí, tàbí tí ọdún bá ti pé, ni wọ́n ń fún ènìyàn. Bí wọ́n bá fún yín ní méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ fi han lọ́yà. Ẹ tún wo ẹni tó buwọ́ lù ú. Bó bá jẹ́ lọ́yà, àṣẹ ẹni tó ni ilé nísinsìnyí ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ti onílé àtijọ́ tí ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ìwé wọn bá ní àbùkù, ṣé mo lè máa gbé lọ láìsan owó?

Ayé ìgbà yẹn ti lọ. Ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé àbùkù inú ìwé kúrò-nílé kì í ṣe ihò tí ayálégbé á máa sá sí láti fi jẹ ilé onílé mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ẹjọ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ sì ti dé ọwọ́ yín, ìyẹn náà tó ìkìlọ̀. Àbùkù lè fún yín láyè díẹ̀. Kò lè fún yín ní ilé. Gbogbo oṣù tí ẹ bá sì lò lẹ́yìn tí ìgbé yín ti parí, kóòtù lè ní kí ẹ san owó rẹ̀, ó sì lè jẹ́ iye tí ilé ń lọ lọ́jà báyìí, kì í ṣe iye tí ẹ ń san látìgbà àtijọ́.

Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé 90 ọjọ́ ni ẹ̀tọ́ ayálégbé bí bánkì bá gba ilé.

Òfin Amẹ́ríkà nìyẹn. Wọ́n ṣe é ní 2009, ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí 2014, wọ́n sì mú un padà títí lọ ní 2018. Kò dé Àkúrẹ́. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 tí àwọn ènìyàn máa ń pín kiri lórí WhatsApp, Èkó náà ló wà fún.

Wọ́n ti ẹnu géètì pa, wọ́n gé iná, wọ́n ń yọ páànù. Kí ni mo lè ṣe?

Èyí ni òfin kórìíra jù. Ní 1986, nínú ẹjọ́ Ojukwu àti ìjọba Èkó, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ bá ìjọba ológun pàápàá wí pé ó fi agbára lé ènìyàn jáde nílé nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Ihenacho àti Uzochukwu, ó tún sọ ọ́ pé onílé kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Kóòtù ló wà fún ìyẹn.

Ẹ má bá jàǹdùkú jà. Ẹ ya fọ́tò àti fídíò: páànù tí wọ́n yọ, kọ́kọ́rọ́ tuntun tí wọ́n fi sí ilẹ̀kùn, wáyà tí wọ́n gé, nọ́ńbà mọ́tò tí wọ́n gbé wá. Ẹ kọ orúkọ aládùúgbò méjì tó rí i. Lẹ́yìn náà ẹ lọ fi sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá pé wọ́n ba ohun-ìní yín jẹ́ tàbí wọ́n halẹ̀ mọ́ yín, kí ẹ sì gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá lọ sọ níbẹ̀ pé “ìjà ilé ni,” wọ́n á ní kí ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé. Lọ́jọ́ kan náà, kí lọ́yà lọ bá ilé ẹjọ́ gíga fún àṣẹ tó máa dá wọn dúró. Owó ìtanràn ohun tó bàjẹ́ lè tẹ̀ lé e.

Ẹni tó ra ilé ní òun máa jẹ́ kí ọlọ́pàá tì mí mọ́lé.

Abala 32 òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ láìfi sábẹ́ ahọ́n: wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó rú àdéhùn tàbí nítorí àṣìṣe tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ pẹ̀lú lọ́yà, ẹ mú rìsíìtì àti àdéhùn dání, ẹ má sì buwọ́ lu ìwé kankan tó ní ọjọ́ tí ẹ máa kó jáde.

Àwọn bẹ́lífù wá kó ẹrù fún gbèsè onílé, wọ́n fẹ́ kó tèmi mọ́ ọn.

Gbèsè onílé kì í ṣe gbèsè yín. Ẹ sọ fún olórí wọn lójú ẹsẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé ẹrù wọ̀nyí jẹ́ ti ayálégbé. Bí wọ́n bá ti kó o, ẹ kọ̀wé sí kóòtù tó rán wọn níṣẹ́ kíákíá kí wọ́n tó lù ú ní gbàǹjo, kóòtù á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ yín lórí ẹni tó ni ín. Rìsíìtì fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò ní rìsíìtì lè búra níwájú kóòtù, kó sì mú fọ́tò àtijọ́ tó fi ẹrù náà hàn nínú yàrá rẹ̀.

Bánkì àti onílé ti bá ara wọn ṣẹjọ́, wọ́n dájọ́, n kò sì sí níbẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹ̀tọ́ tó dá dúró, bíi kó jẹ́ pé ẹ wọlé kí ìdógò tó wáyé, ẹ lè tọrọ láti wọnú ẹjọ́ náà tàbí kí kóòtù dá ìmúṣẹ àṣẹ dúró títí wọ́n á fi gbọ́ yín. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn nípa àṣẹ kóòtù, ẹ kà á sí pé ó ti dé ọwọ́ yín. Ẹ má fà á ya. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ wo nọ́ńbà ẹjọ́ àti kóòtù tó ti wá: ti májísíréètì ní Òkè-Èdá yàtọ̀ sí ilé ẹjọ́ gíga, ti ìjọba àpapọ̀ náà yàtọ̀. Nọ́ńbà yẹn ni lọ́yà á kọ́kọ́ béèrè.

Owó ilé mi ku oṣù mẹ́jọ. Ta ló máa dá a padà?

Ẹni tó gbà á. Onílé tó gba owó ọdún kan, tí ẹ kò sì rí ọdún náà gbé nítorí gbèsè rẹ̀, ti rú àdéhùn pé ẹ máa gbé ilé ní àlàáfíà. Ẹ lè pè é lẹ́jọ́ fún ìyókù owó náà àti ìnáwó tí ẹ fi kó ẹrù. Owó kọ́ṣọ̀n náà, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí rìsíìtì. Bó bá jẹ́ ejẹ́ńtì ló gbà á, ẹ pe òun àti onílé pọ̀. Ká sòótọ́, onílé tí bánkì ti ta ilé rẹ̀ kì í sábà ní owó lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí ẹ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú ẹni tó ra ilé.

Kí ni mo lè bá ẹni tó ra ilé sọ?

Ẹni tó san owó ńlá ra ilé ń fẹ́ ilé tó ṣófo, ẹjọ́ sì ń jẹ àkókò. Ẹ lè ní kó jẹ́ kí ẹ lo ìyókù ọdún yín, tàbí kó fún yín ní owó ìkẹ́rù kí ẹ tètè jáde. Bí ẹ bá gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye owó, ọjọ́ ìjáde, ipò tí ẹ máa fi ilé sílẹ̀. Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó dì ẹrù, kí ìdajì tó kù sì wọlé sí àkáǹtì kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó tó rí àlẹ́ẹ̀tì kò ní nǹkan kan mọ́ tó lè fi dúnàádúrà.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí, yàrá kan ni mo gbà ní South Gate. Ṣé ó kàn mí?

Bákan náà ni. Àmọ́ rìsíìtì tí kiatéékà kọ, tí kò ní orúkọ onílé tàbí nọ́ńbà yàrá, máa ń fa wàhálà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un kọ.

Mi ò lówó lọ́yà.

Àjọ ìrànlọ́wọ́ òfin ti ìjọba àpapọ̀, Legal Aid Council, ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ẹ mú àdéhùn, gbogbo rìsíìtì, ìwé tí wọ́n fún yín àti fọ́tò lọ.

Bí mo bá máa jáde, kí ni mo lè yọ lọ?

Ohun tí ẹ fi owó yín rà tí ẹ kàn fi ìdè mọ́ ọn: ẹ̀rọ amúlétutù, ìnfátà, táǹkì omi, fáànù. Ẹ yọ ọ́ kí ọjọ́ ìjáde tó pé, ẹ sì dí ihò ògiri. Táìlì tí ẹ tẹ́ àti kànga tí ẹ gbẹ́ ti di ti ilé. Ní ti mítà iná, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀ àti iye tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ jáde, kí ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ buwọ́ lu iye náà lórí ìwé, kí gbèsè iná tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá jẹ má baà wá orúkọ yín kiri.